Ọwọ́ Tí Kò Kan Etí

Òórùn omi ẹ̀gẹ́ ló máa ń kọ́kọ́ pàdé ènìyàn kí ó tó rí òrùlé kankan ní abúlé náà. Bí o bá sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà níbi tí ọ̀nà ti yà kúrò ní títì Lálúpọn, tí o sì fi ẹsẹ̀ rìn wọ àárín oko àgbàdo, òórùn kíkan yẹn yóò ti gba imú rẹ, òórùn omi tó ń ro láti inú àpò ẹ̀gẹ́ rírin tí wọ́n to òkúta lé lórí. Lẹ́yìn rẹ̀ ni èéfín igi, lẹ́yìn èéfín ni òórùn gàrí gbígbóná tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú agbada, èyí tó máa ń mú kí ebi pa ènìyàn bó tilẹ̀ ti jẹun yó. Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wọn wà lódìkejì pápá, ó kọjú sí àtíbàbà tí àwọn obìnrin ti ń yan gàrí. Títí di òní, bí mo bá gbóòórùn gàrí tuntun lọ́jà, kì í ṣe ẹ̀bà ló ń wá sí mi lọ́kàn, ilé ìwé ni.

O ti bi mí léèrè rí, ìwọ ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń kọ́ ọmọ, pé kí ló dé tí mo máa ń jókòó sórí àpótí kékeré ní kíláàsì lọ́jọ́ àkọ́kọ́, bí ẹni tó fẹ́ bó ẹ̀gẹ́. Mo rẹ́rìn-ín nígbà yẹn, mo ní ẹ̀yìn ló ń dùn mí. Ẹ̀yìn mi ò ṣe nǹkan kan. Abúlé yẹn ni mo ti kọ́ ọ.

Nǹkan bí ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni. Mo ti jáde ní sẹ́kọ́ńdìrì, mo sì ti gba fọ́ọ̀mù kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́, àmọ́ wọn ò tíì pè mí. Bàbá mi, tí a jọ ń gbé ní Adégbayì, ní kí n lọ kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán, pé ẹ̀rọ ìránṣọ kì í béèrè èsì ìdánwò lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo fi àáké kọ́rí. Mo ní tíṣà ni mo fẹ́ ṣe, kò sì sí ohun mìíràn. Kí n má parọ́ fún ọ, ohun tí mo mọ̀ nípa iṣẹ́ tíṣà nígbà náà kò ju ṣọ́ọ̀kì, báírò pupa àti bàtà onígìgísẹ̀ tó ń dún kò-kò-kò lọ. Nígbà tí bàbá mi rí i pé ọ̀rọ̀ náà ti le, ó bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan sọ̀rọ̀, tí wọ́n jọ wà ní ìjọ Aládùúrà, ẹni tó jẹ́ ọ̀gá àgbà ilé ìwé abúlé yìí. Olùkọ́ kì í dúró pẹ́ lọ́dọ̀ wọn. Ọ̀gá náà ní kí n wá máa ràn wọ́n lọ́wọ́ ní praimárì kìíní títí kọ́lẹ́ẹ̀jì yóò fi pè mí. Mo wá ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní Lálúpọn, láti ibẹ̀ ni mo ti ń lọ tí mo ń bọ̀.

Ọ̀gá àgbà náà ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, aṣọ rẹ̀ máa ń le gan-an fún sítáàṣì. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni. Láràárọ̀ ló máa ń gbàdúrà fún àwọn ọmọ bí ẹni pé ojú ogun ni wọ́n ń lọ. Ó ti ṣubú lórí ọ̀kadà nígbà kan, láti ìgbà náà ni èjìká rẹ̀ ọ̀tún ti le, àmọ́ kò jẹ́ sọ ọ́ síta. Bí ó bá fẹ́ kọ déètì sókè pátákó, yóò ní kí n wá bá òun kọ ọ́, pé ọwọ́ ìkọ̀wé mi dára ju ti òun lọ. Ọwọ́ ìkọ̀wé mi dà bí ẹsẹ̀ adìyẹ, òun náà mọ̀, èmi náà mọ̀, mo sì ń kọ ọ́.

Ìwọ náà mọ ohun tí wọ́n ń fi ọmọ ṣe nígbà náà kí wọ́n tó gbà á sílé ìwé. Bóyá wọ́n tilẹ̀ ṣe é fún ìwọ náà. Ọmọ yóò gbé ọwọ́ ọ̀tún kọjá lórí àárín orí, yóò fi ìka wá etí òsì. Bí ìka bá kan etí, ó ti tó ilé ìwé lọ. Bí kò bá kàn án, ó di ọdún tó ń bọ̀. N kò ní bú ẹni tó dá àṣà yìí sílẹ̀. Ní àwọn oko wa, ta ló ní ìwé ọjọ́ ìbí? Ìyá á ní ọdún tí omi gbé afárá lọ lòun bí ọmọ òun, bàbá á ní rárá, ọdún tí eéṣú jẹ àgbàdo ni, wọn a sì máa bá ara wọn jiyàn níwájú tíṣà. Ọwọ́ ọmọ ló máa ń parí ìjà náà. Ó yá, ó rọrùn, gbogbo ènìyàn ló sì gbà á.

Ní òwúrọ̀ tí a bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọmọ tuntun, òjò àrọ̀kúrò ti rọ̀ mọ́jú, abẹ́ igi máńgòrò tutù nini. Ọ̀gá àgbà gbé tábìlì síbẹ̀, ó to rẹ́jísítà àti ẹgba lé e lórí, àwọn ọmọ sì tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ pẹ̀lú ẹrẹ̀ lẹ́sẹ̀. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa tò wọ́n. Ọmọbìnrin kan wà láàárín wọn tí mo kọ́kọ́ rò pé òun ló kéré jù. Nígbà tó súnmọ́ mi ni mo wo ojú rẹ̀, mo sì rí i pé ojú náà kì í ṣe ojú ọmọdé kékeré. Aràrá ni. Yóò ti tó ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tàbí mẹ́wàá, gíga rẹ̀ ni kò ju ti ọmọ ọdún mẹ́rin lọ, apá rẹ̀ méjèèjì sì kúrú, ó ki. Wọ́n di irun rẹ̀ ní ṣùkú, aṣọ funfun tó wọ̀ mọ́ tónítóní láàárín ẹrẹ̀ yẹn. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, tó ti wà ní praimárì kejì, dúró sí tòsí nínú yunifọ́ọ̀mù, ó ń ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí.

Nígbà tó kàn án, ó gbé ọwọ́ sókè. Ọwọ́ náà dé àtàrí, ó dúró síbẹ̀. Ó na ìka, ó tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́, ó di ojú pọ̀ bí ẹni tó ń gbé ẹrù. Ọ̀gá àgbà wò ó tìfẹ́tìfẹ́, ó ní: “Kò tíì débẹ̀. Padà wá lọ́dún tó ń bọ̀.” Kí ó tó parí gbólóhùn náà, àwọn ọmọ tó kù ti bá a parí rẹ̀, bí orin tí gbogbo wọn mọ̀. Ọmọbìnrin náà kò sunkún. Ó yí ká, ó lọ tò sẹ́yìn pátápátá, ó tún bọ̀, ó tún gbé ọwọ́ sókè. Wọ́n tún kọ ọ́ lórin. Ó wá gba orí pápá kọjá lọ sí àtíbàbà gàrí, kò sáré, kò sì bojú wẹ̀yìn. Mo dúró síbẹ̀, mo ń wo ẹ̀yìn ọmọ náà títí ó fi wọ ibẹ̀.

Lákòókò ìsinmi, mo béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá àgbà pé ìgbà wo ni ọmọ yìí ti ń wá. Ó ní ọdọọdún ni. Kò sí ìkà nínú ohùn rẹ̀. Lọ́dún àkọ́kọ́, ó kà á sí ọmọ kékeré lóòótọ́; láti ìgbà náà, gbólóhùn yẹn ti mọ́ ọn lẹ́nu, èrò sì máa ń pọ̀ lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀. Mo ní: “Ẹ dákun, sà, ṣé ọwọ́ náà yóò débẹ̀ láéláé?”

Ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún. Ó ní kò sí ọmọ kan nínú ilé ìwé náà tí ọwọ́ rẹ̀ kò kan etí. Bí òun bá gba ẹyọ kan láìjẹ́ pé ó kàn án, kí ni òun yóò sọ fún àwọn bàbá tó ń gbé ọmọ ọdún mẹ́ta wá, kí wọ́n lè ráyè lọ sóko? Ọ̀rọ̀ gidi ni. Ó tún fi kún un pé ìyá àgbà tó ń tọ́ ọmọ náà kò fìgbà kan rí wá bẹ òun. Ìyẹn ni mo dì mú. Bó bá jẹ́ pé ẹni tó máa bẹ̀bẹ̀ ló kù, màá lọ mú un wá.

Ìyá àgbà náà wà nídìí agbada nígbà tí mo dé àtíbàbà, ó mú ààbọ̀ igbá dání, ó ń fi í da gàrí síwá sẹ́yìn. Aṣọ funfun ló wọ̀ nínú gbogbo èéfín yẹn, ìlẹ̀kẹ̀ funfun ṣẹ́ṣẹ́ẹfun sì wà lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀, nítorí olóòṣà ni wọ́n nílé wọn, Òòṣàálá ni wọ́n ń bọ láti ìran wá. Mo kúnlẹ̀, mo kí i kú iṣẹ́, mo sì sọ ohun tó gbé mi wá. Mo ti múra láti bá ìyá kan tó ń tijú ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ó wò mí bí ẹni tó fẹ́ fi ọwọ́ ìdọ̀tí kan aṣọ àlà.

“Ẹni Òòṣà ni ọmọ yẹn,” ó ní. “Òòṣà ló fọwọ́ ara rẹ̀ mọ ọ́n bẹ́ẹ̀. Ilé ìwé yín ń na ọmọ. Ta ni yóò gbé ẹgba sókè sí ohun tí Òòṣà mọ?”

Ó ṣàlàyé fún mi pé òun kò rán an lọ rí. Ọmọ náà ló máa ń wẹ̀, tí yóò wọ aṣọ, tí yóò sì lọ fúnra rẹ̀ lọ́dọọdún. Òun kì í dá a dúró, nítorí òun mọ̀ pé wọn yóò dá a padà, ọkàn òun yóò sì balẹ̀. Nílé, ẹnikẹ́ni kì í rán an níṣẹ́ tó le. Òun ni wọ́n ń kọ́kọ́ bu oúnjẹ fún, àlejò tó bá sì mọ ohun tó ń ṣe yóò fún un lẹ́bùn kó tó kí àwọn tó kù. Bó ṣe ń sọ ọ́ ni ó wá yé mi. Ọ̀gá àgbà ń lé e, ìyá àgbà ń dì í mú, àwọn méjèèjì ló sì fẹ́ràn rẹ̀, àmọ́ ibì kan náà ni wọ́n jọ fi í sí: ìta.

Ọmọ náà wà lẹ́yìn wa, ó ń fi asẹ́ sẹ́ ẹ̀gẹ́. A ti ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ tipẹ́ bí ẹni pé kò sí níbẹ̀. Ó gbé asẹ́ kalẹ̀. “Ìyá àgbà,” ó ní, “bí mo bá bi àbúrò mi pé kí ni wọ́n kọ sára nǹkan, á ní kí n lọ fi ọwọ́ kan etí mi ná. Mo fẹ́ máa kà á fúnra mi.”

Ìyá àgbà kò wo ẹ̀yìn. Ó ń da gàrí lọ títí òórùn rẹ̀ fi ń yí padà, tí obìnrin kan fi ké sí i pé ó ti fẹ́ jóná. Ó fà á kúrò lórí iná. Ó wá bi mí bóyá mo lè fi ẹnu ara mi sọ pé wọn ò ní na ọmọ náà, wọn ò sì ní fi ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní mo lè sọ ọ́. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní: “Ìwọ tí mo gbọ́ pé wọn ò tíì gbà síbi tìrẹ náà?”

Àwọn tó ń bó ẹ̀gẹ́ bú sẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, kí ni mo tún lè ṣe? Mo ní: “Ìdí nìyẹn, Màmá. Mo mọ bó ṣe ń rí lára.”

Ìyá àgbà kò bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó ní òun kò ní bẹ ẹnikẹ́ni nítorí ẹni Òòṣà, kí n lọ bá ọ̀gá mi. Bó bá gbà á, òun kò ní dí i lọ́nà. Àmọ́ ọjọ́ tí ẹgba bá kan ọmọ náà, òun ń bọ̀ wá mú un lọ, kò sì ní padà mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe kúrò níbẹ̀ láìrí ẹni tó máa bẹ̀bẹ̀, ìlérí tí n kò ní agbára rẹ̀ sì wà lọ́rùn mi.

Mo fi ẹsẹ̀ rìn títí dé Lálúpọn lọ́jọ́ náà, mo jẹ́ kí àwọn ọlọ́kadà máa kọjá lára mi. Mo ń bínú, ìbínú náà sì ń ṣe mí láǹfààní, nítorí òun ló lé àwòrán bàtà onígìgísẹ̀ yẹn kúrò lọ́kàn mi pátápátá. Mo ń ronú pé bí mo bá di tíṣà, tí mo sì dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ọ̀gá àgbà ṣe dúró, pẹ̀lú inú rere àti àdúrà rẹ̀, tí ọmọ bí èyí sì ń bọ̀ lọ́dọọdún tí mò ń dá a padà, kí wá ni iṣẹ́ mi? Ta ni mò ń kọ́? Kí n tó délé, mo ti pinnu pé ọmọ náà yóò wọlé lọ́dún yẹn, kì í ṣe ọdún tó ń bọ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni ọ̀nà rẹ̀ yọ sí mi. Ọ̀gá àgbà pè mí gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀ pé kí n wá kọ déètì sókè pátákó. Mo mú ṣọ́ọ̀kì, mo kọ ọ́, mo sì rí bó ṣe fi ọwọ́ òsì di èjìká ọ̀tún mú. Mo mọ̀ pé ọmọ bíi tèmi kò lè jókòó ti àgbà kó máa ṣàlàyé ara fún un. Àmọ́ ó lè rí i fúnra rẹ̀. N kò fẹ́ dójú tì í, mo fẹ́ kó rí i ni. Mo ránṣẹ́ sí ọmọbìnrin náà pé kó tún wá lọ́jọ́ tí a óò pa rẹ́jísítà dé.

Lọ́jọ́ náà, mo fi í sí iwájú pátápátá. Àwọn ọmọ kéékèèké kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tí wọ́n ń gbé ọwọ́ òsì, tí wọ́n ń di imú mú dípò etí. Mo kúnlẹ̀ kí ọ̀gá àgbà, mo ní: “Ẹ jọ̀wọ́, sà, ẹ bá mi fi hàn wọ́n. Àwọn ọmọ yìí ò mọ bí wọ́n ṣe ń gbé ọwọ́ náà.”

Kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó dìde, ó ní kí gbogbo wọn wo òun, ó sì gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè. Ó dé ibi tí etí ọ̀tún wà, ó dúró. Ó tún gbé e, ojú rẹ̀ fún pọ̀, ọwọ́ náà kò gòkè sí i. Ọmọbìnrin náà ti gbójú sókè, ó ń wo ọwọ́ yẹn bí ẹni tó pàdé ẹni tó mọ̀ lójú ọ̀nà. Ohùn rẹ̀ jáde, pẹ̀lú gbogbo ọ̀wọ̀ tí ìyá àgbà fi kọ́ ọ.

“Kò tíì débẹ̀, sà. Ẹ padà wá lọ́dún tó ń bọ̀.”

N kò kọ́ ọ ní ìyẹn, mo fi Ọlọ́run ṣẹ̀rí. Mo wo ojú ọ̀gá àgbà. Ẹgba wà lórí tábìlì, kò jìnnà sí ọwọ́ rẹ̀ òsì, ìyá àgbà sì wà ní ìkángun pápá, ìyẹ̀fun gàrí lára aṣọ funfun rẹ̀, ó ti wá wo ohun tí wọn yóò fi ọmọ òun ṣe. Kò sí ọmọ tó rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá àgbà wo ọwọ́ ara rẹ̀ tó ṣì wà lókè. Ó wo ọmọ náà. Mo rò pé ní ìṣẹ́jú yẹn ló ka gbogbo ọdún tó ti kọjá. Ó wá ṣe ohùn kan tí mo kọ́kọ́ pè ní ikọ́, ẹ̀rín ni.

“Òótọ́ ni,” ó ní. “Tèmi náà kò débẹ̀.”

Ó sọ ọwọ́ kalẹ̀. Kò padà sórí àga. Àpótí kan wà lẹ́bàá igi tí a máa ń gbé korobá omi lé. Ó fà á mọ́ra, ó jókòó sórí rẹ̀, gíga gogoro bẹ́ẹ̀, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n rẹ̀, ojú rẹ̀ sì wá ṣe déédéé ojú ọmọ náà. Ó ní: “Kí ni orúkọ rẹ?”

Ṣé o mọ̀ pé ní gbogbo ọdún yẹn kò sí ẹni tó bi í? Ọmọ náà dúró ṣinṣin, ó dárúkọ ara rẹ̀, ó fi oríkì rẹ̀ kún un, ó dárúkọ bàbá rẹ̀ àti ilé wọn, ó sì ń wo ọwọ́ ọ̀gá àgbà láti rí i pé ó ń kọ ọ́. Ìyá àgbà rọra rìn dé ìdí tábìlì. Kò dúpẹ́. Ó na ìka sí ẹgba, ó ní: “Èyí ńkọ́?” Ọ̀gá àgbà mú un fún un. Títí mo fi kúrò níbẹ̀, ẹgba náà ni wọ́n fi ń lé ewúrẹ́ nídìí gàrí. Òmíràn wà ní ọ́fíìsì, kí n sòótọ́, àmọ́ kò wọ kíláàsì mi.

Mo rò pé mo ti jagun tán. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí mo fi mọ̀ pé ẹnu ọ̀nà lásán ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Bẹ́ńṣì ga jù fún un, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń fì dirodiro títí yóò fi kú mọ́ ọn lára. Bó bá nawọ́ láti dáhùn ìbéèrè, orí ẹni tó wà níwájú rẹ̀ ni mò ń rí. Nígbà tí àwọn ọmọ lọ ṣeré, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní àyè rẹ̀, mo gbójú sókè. Ẹ̀yìn bẹ́ńṣì àti ìdajì òkè pátákó ni mo rí. Gbogbo ohun tí mo ti fi ọ̀sẹ̀ kan kọ síbẹ̀, tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mo ti fẹ́ gbé e lọ síwájú pátápátá, mo tilẹ̀ ti di ẹsẹ̀ bẹ́ńṣì mú, kí ó tó wá sí mi lọ́kàn pé ohun tí gbogbo wa ti ń ṣe fún ọmọ yìí náà ni mo tún fẹ́ ṣe yẹn. Mo pè é, mo bi í pé níbo ló fẹ́ jókòó. Ó ní ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, nítorí láti iwájú, pátákó ń tàn yòò, kì í jẹ́ kí òun ríran. Ǹ bá má mọ̀ ọ́n láé.

Káfíńtà gé ẹsẹ̀ bẹ́ńṣì kan fún wa. Àwọn ọmọ lọ èédú mọ́ ewé, a fi kun ìsàlẹ̀ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó di pátákó kejì, mo sì ń kọ gbogbo nǹkan lẹ́ẹ̀mejì. Ìtìjú kọ́ ni pátákó ìsàlẹ̀ yẹn mú wá, ìjà ló mú wá, nítorí gbogbo kíláàsì ló fẹ́ máa kọ nǹkan síbẹ̀. Àwọn mìíràn tí n kò mọ̀ pé wọn kì í ríran jìnnà náà ń rọra sún síhà ibẹ̀, mo sì ń ṣàkíyèsí.

Ohun tó le jù ni pé àwọn ọmọbìnrin kíláàsì fẹ́ràn rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Wọ́n ń pọ̀n ọ́n. Bí aago ìsinmi bá ti lù báyìí, wọn a máa du ẹni tó máa gbé e sẹ́yìn, wọn a sì máa fi aṣọ gbà á mọ́ra bí ọmọ ọwọ́. Èmi pàápàá rò pé ìfẹ́ ni, ó sì jẹ́ ìfẹ́, títí mo fi wo ojú rẹ̀ lẹ́yìn ẹnìkan lọ́jọ́ kan. Mo bi í. Ó ní òun kórìíra rẹ̀, àmọ́ òun ń bẹ̀rù pé bí òun bá kọ̀, kò ní sí ẹni tí yóò bá òun ṣeré. Mo pe gbogbo wọn jọ, mo ní kí ó sọ iye ọdún rẹ̀ fún wọn. Ẹnu yà wọ́n. Kò sí ẹnìkan nínú wọn tí òun kò jù lọ dáadáa. Mo wá bi wọ́n bóyá ẹnikẹ́ni nínú wọn máa ń pọ̀n ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nílé. Láti ọjọ́ náà, Ẹ̀gbọ́n ni wọ́n ń pè é, wọ́n sì ń fi “ẹ” bọ̀wọ̀ fún un. Òun náà kò fi àyè sílẹ̀, kò pẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í parí ìjà láàárín wọn, tó ń rán wọn níṣẹ́ ju bí mo ṣe ń rán wọn lọ.

Kí ọdún náà tó parí, ó pè mí lọ sí àtíbàbà. Ó dúró níwájú ọ̀kan nínú àwọn àpò ìyẹ̀fun tí wọ́n fi ń fún omi ẹ̀gẹ́, ó fi ìka tẹ̀lé ọ̀rọ̀ òyìnbó tó wà lára rẹ̀, ó kà á, ó sì ní kí n sọ ìtumọ̀ rẹ̀. Mo ní wọ́n ní kí wọ́n má fi ìkọ́ gbé e. Ìyá àgbà, tó ti ń lo àpò bẹ́ẹ̀ láti ìgbà èwe rẹ̀, ní: “Ìyẹn nìkan ni wọ́n kọ síbẹ̀ láti ọjọ́ yìí?” Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ìyá àgbà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí ó tún un kà. Ó tún un kà. Àbúrò rẹ̀ wà nítòsí, kò sì sọ ohunkóhun nípa etí.

Nígbà tí a tún bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọmọ tuntun, kọ́lẹ́ẹ̀jì ti pè mí fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, mo sì ń kó ẹrù mi. Mo yà láti dágbére. Àwọn ọmọ ti tò lábẹ́ igi máńgòrò. Ọ̀gá àgbà jókòó sórí àpótí, kò sí ẹgba lórí tábìlì. Òkúta wẹ́wẹ́ ló wà níbẹ̀, ó ń ní kí ọmọ ka díẹ̀ nínú rẹ̀ fún òun, kí ó sọ ẹni tó tẹ̀lé e nílé wọn, kí ó lọ fi ọwọ́ kan ilẹ̀kùn kíláàsì kó sì padà. Àwọn ọmọ ọdún mẹ́ta kì í padà, wọn a dúró sí ọ̀nà máa wo adìyẹ. Ó ti rí èsì rẹ̀ fún àwọn bàbá wọn. Ọmọkùnrin kan dé iwájú rẹ̀, ó sáré gbé ọwọ́ gba orí kọjá, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nílé. Ọ̀gá àgbà di ọwọ́ náà mú, ó rọra sọ ọ́ kalẹ̀. Ó ní: “Fi ọwọ́ sílẹ̀. Kí ni orúkọ rẹ?”

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbé wọ yàrá ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Àwọn àgbà mẹ́ta jókòó sẹ́yìn tábìlì gíga, wọ́n bi mí pé irú tíṣà wo ni mo fẹ́ jẹ́. Mo ti há òyìnbó sórí fún ìbéèrè náà láti Lálúpọn títí dé ibẹ̀, gbogbo rẹ̀ sì fò lọ. Ohun tó kù lẹ́nu mi kéré, ó sì le, n kò tíì yí i padà láti ìgbà náà wá. Mo sọ fún wọn pé mo fẹ́ jẹ́ tíṣà tí yóò kọ́kọ́ jókòó sílẹ̀, kí ó tó béèrè orúkọ ọmọ.